Ọ̀dà Lókè, Omi Nísàlẹ̀: Nínú Ilé Mẹ́ta Tí Wọ́n Ń Tún Ṣe Kí Ayálégbé Tó Dé

Láti Berger ni mo ti wọ dáńfó, àwa mẹ́rin lórí àga tó yẹ fún mẹ́ta. Bí a ṣe gun Long Bridge, òórùn màálù láti ọjà Kara gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bá wa jókòó títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì afárá. Odò Ògùn wà nísàlẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n, ó ṣì kún dé ìdí koríko, nítorí pé Oṣù Kọkànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, òjò ọdún kò sì tíì dágbére tán. Kọ̀ńdọ́ yọ orí síta, ó ń pe Magboro, ó ń pe Ibafo, ó ń pe Mowe àti Kám̀pù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti pátákó ilé-yíyá ń du ojú ara wọn.

Ilé ni èmi náà ń lọ wò, kì í ṣe láti gbà á. Ilé mẹ́ta tí àwọn tó ni wọ́n ń tún ṣe kí ayálégbé tó wọlé ni mo fẹ́ rí: ọ̀kan n'Ibafo, ọ̀kan ní Mowe, ọ̀kan n'Ìfọ̀. Àwọn onílé gbà kí n wọlé, wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ àwọn.

Ibafo

Ọ̀kadà gbé mi kúrò létí títì. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń tẹ búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń han. A kọjá ilé kan tí wọ́n kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí lára. A yà sápá òsì. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Adágún omi dúró sójú ọ̀nà, ewé ti hù lórí rẹ̀. Ọlọ́kadà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí omi má bàa kan bàtà rẹ̀. Èmi náà gbé tèmi.

Orí háàfù pulọ́ọ̀tì ni ilé náà wà, mínífúláàtì mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan, fẹ́ńsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Obìnrin olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ló ni ín. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti kó tìyàwó-tọmọ lọ sí Kánádà. Mo bá Mọ̀mí, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é, lórí àga rọ́bà níwájú ilé, ìwé ìṣirò lórí itan rẹ̀, eruku sìmẹ́ńtì lórí ìborùn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lébìrà méjì ń po yanrìn, ṣọ́bìrì wọn ń ha ilẹ̀ kọ́ńkéré, ariwo rẹ̀ ń wọ eyín lára.

Ọ̀gá bíríkìlà, àgbàlagbà tí fìlà rẹ̀ ti funfun tán, ló mú mi wọ inú yàrá àkọ́kọ́. Inú yàrá náà ṣókùnkùn, òórùn rẹ̀ dà bíi ti aṣọ tí a ká mọ́lẹ̀ ní tútù. Ó yí òòlù rẹ̀ padà, ó fi èèkù rẹ̀ lu ògiri lókè. Kò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó lu ìsàlẹ̀. Gbò.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀? Òkè ṣì di ara rẹ̀ mú. Ìsàlẹ̀ ti ṣófo."

Ó fi ẹnu irin ìrẹ́lé ha ibẹ̀, ojú ògiri sì ń bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Mo mú ègé kan nílẹ̀. Ọ̀dà mẹ́ta ni mo kà lára rẹ̀: funfun lókè, àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ méjèèjì. Láti ilẹ̀ dé orúnkún mi, ilà dúdú kan lọ yíká gbogbo yàrá náà, ìyẹ̀fun funfun kan sì wú jáde lára ògiri nísàlẹ̀ ilà yẹn. Mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi. Bí wọ́n bá ń kọ́lé sórí ilẹ̀ olómi, ó yẹ kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ògiri lé e, kí omi tó bá gòkè lè débẹ̀ dúró. Bí ọ̀rá yẹn kò bá sí, omi á gba inú ìpìlẹ̀ gun ògiri, á gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù, á sì máa ti ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì dànù láti ẹ̀yìn. Ọ̀dà tuntun kò dá a dúró.

"Ẹni tó ni ilé tẹ́lẹ̀ mọ̀," bíríkìlà wí. "Bí omi bá ti yọ, á kùn ún. Bó bá tún yọ, á tún kùn ún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Oògùn tó kọ fún ilé náà gùn. Wọ́n á fá ojú ògiri dànù títí dé mítà kan lókè ibi tí omi dé. Wọ́n á jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ. Wọ́n á tún un rẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn adènà-omi mọ́. Wọ́n á la gọ́tà yí ilé ká, kí òjò lè rí ibi gbà lọ dípò kó máa sùn sẹ́bàá ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dúró. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ máa ń kà kí wọ́n tó wọn agbára kọ́ńkéré, ìrẹ́lé tuntun náà sì nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí omi inú rẹ̀ tó jáde kí ọ̀dà tó lè dúró lórí rẹ̀.

Níwájú ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di àríyànjiyàn.

"Ìyàwó tó fẹ́ gba fúláàtì iwájú fẹ́ wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀," Mọ̀mí wí.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ní sùúrù díẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó ilé oṣù yẹn fún mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lébìrà da omi sórí yanrìn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.

Báàgì sìmẹ́ńtì, kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, wà lórí pákó nínú pálọ̀ kí ilẹ̀ má bàa rin ín. Mọ̀mí ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Ìgbà tó kọ́kọ́ ronú àtitún ilé ṣe, owó báàgì kan kò tó ìdajì iye tó ń rà á báyìí. Ní Oṣù Kejì 2024, báàgì kan kọjá 10,000 náírà láwọn ibì kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì jọ l'Abuja, wọ́n sì fẹnu kò sórí 7,000 sí 8,000. Mọ̀mí rántí ìròyìn náà dáadáa. Ó ní òun mú owó lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹni tó ń tà á sì bi òun bóyá l'Abuja lòun ti fẹ́ rà á.

A lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀fọn ń kùn létí mi, oòrùn sì ti ń mú. Púlọ́ḿbà ti fa tépù láti ẹnu kànga dé ìdérí sókàwéè. Mítà 11.

Ìlànà tí àwọn elétò ìlera àti àjọ aṣèrànwọ́ ń tẹ̀ lé ni pé, ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín ihò ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga. Pulọ́ọ̀tì kan ní agbègbè yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Háàfù rẹ̀ jẹ́ 60 sí 60, ìyẹn bíi mítà 18 sí 18. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga sí igun kan, tí wọ́n gbẹ́ sókàwéè sí igun tó dojú kọ ọ́ gan-an, àárín wọn kò ní pé mítà 26. Gbogbo ilé tó wà lórí háàfù pulọ́ọ̀tì ní òpópónà yẹn ló ní kànga tirẹ̀ àti sókàwéè tirẹ̀, sókàwéè aládùúgbò sì wà lẹ́yìn fẹ́ńsì.

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?" Mọ̀mí béèrè.

"Ká gbẹ́ bọ́hò tó jìn, ká fi páìpù bo ojú rẹ̀ kí omi òkè má wọ inú rẹ̀, ká sì dí kànga pa."

"Èló?"

Púlọ́ḿbà dá a lóhùn. Mọ̀mí kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ohun tó kọ. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn.

Mowe

Láti Ibafo sí Mowe kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń rìn, ó ń dúró. Ìlú méjèèjì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló sì sọ wọ́n dà bí wọ́n ṣe dà. Ibùdó Ìjọ Ridíìmù, tí wọ́n ń pè ní Kám̀pù, wà níwájú díẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti 1983, ọkọ̀ sì máa ń há lójú ọ̀nà yìí lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù nítorí ìsìn alẹ́. Ìhà méjì ni ayálégbé ti ń wá: ẹni tí owó ilé Èkó lé jáde, àti ẹni tó fẹ́ súnmọ́ Kám̀pù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni í jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ kí wọ́n lè dé ibi iṣẹ́ l'Èkó ní aago mẹ́jọ.

Ọjà ohun èlò ilé ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí. Ayùn onípákó ń ké, lẹ́búlẹ́bú igi ń fò, òórùn àfàrà tútù àti epo dísù sì pọ̀ mọ́ ara wọn nínú oòrùn ọ̀sán. Lápá kan, ẹ̀rọ ń ká páánù jáde ní gígùn, ó ń dún gbàrà gbàrà. Lápá kejì, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tòkunbọ̀ tò sílẹ̀ ní ìlà, wọ́n kọjú sí títì márosẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ń fi omi ọṣẹ nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn irin wà níbẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Táìsì wà níbẹ̀ ní páálí-páálí, àwòrán mábù lára wọn. Àwọn lébìrà tí kò rí iṣẹ́ jókòó lábẹ́ ibòòji, wọ́n ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà nínú ewé. Ìlú Ọ̀fadà fúnra rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ojú ọ̀nà tó wọ inú láti Mowe ló wà.

Mo dúró sẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Akunlé kan wọlé, ó ń ra ọ̀dà fún onílé tó ń gbé l'Èkó. Ó ná an, ó tún un ná, ìyálọ́jà sì yọ díẹ̀ kúrò fún un. Ó ka owó sílẹ̀.

"Kọ rìsíìtì fún mi, Àǹtí."

"Ṣé iye tó o san ni kí n kọ?"

"Àǹtí, ẹ mọ bá a ṣe ń kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Iye tó wà nínú rìsíìtì ju iye tí mo rí tó kà sílẹ̀ lọ. Akunlé ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó fi ránṣẹ́ síbi tó ń ránṣẹ́ sí, ó sì gbé rọ́bà ọ̀dà méjì lé ẹ̀yìn ọ̀kadà.

Ilé kejì kò jìnnà sọ́jà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, fúláàtì oníyàrá méjì-méjì, mẹ́rin. Èyí kò sí nínú erùpẹ̀ mọ́: iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀. Òórùn ọ̀dà tuntun gbá mi nímú láti ẹnu géètì. Wọ́n ti fi táìsì bo ojú àtẹ̀gùn, wọ́n ti fi POP ṣe ọ̀ṣọ́ sí òkè àjà, iná kéékèèké sì yí i ká nínú pálọ̀, àwọn kan búlúù, àwọn kan funfun. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń kùn lẹ́yìnkùlé kí iná yẹn lè tàn. Éjẹ́ńtì dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù funfun, ó ní ká bọ́ bàtà.

Àwa tí a wá wo ilé pọ̀ lórí àtẹ̀gùn, a sì ń dúró de ara wa. Ọkùnrin kan ń fi fóònù ya gbogbo kọ̀rọ̀ ilé han ìyàwó rẹ̀ tó wà níbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì fẹ́ pawọ́ pọ̀ gba ọ̀kan. Tọkọtaya kan dé, ọmọ wà lẹ́yìn ìyàwó. Àwọn ni mo tẹ̀ lé wọlé.

Ọkọ dúró sí àárín pálọ̀, ó gbójú sókè, ó ń ka iná. Ìyàwó kò wo òkè àjà. Ó gba kíṣìnnì lọ, ó yí ẹnu ẹ̀rọ omi. Afẹ́fẹ́ jáde, ó dún hííì, kò sì sí ohun tó tẹ̀ lé e. Ó wọ balùwẹ̀, ó yí tibẹ̀ náà. Kò sí nǹkan kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ìsàlẹ̀ ògiri yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Omi ńkọ́?" ó bi éjẹ́ńtì.

"Omi wà, Mọ̀mí. Wọn ò tíì so páńpù mọ́ ọn ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Iná ńkọ́?"

"Iná wà dáadáa."

"Báńdì wo ni àdúgbò yìí?"

Éjẹ́ńtì wo ọkọ. Ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Ní Oṣù Kẹrin 2024, àwọn tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kà sí Báńdì A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ni wọ́n gbé owó wọn láti náírà 68 sí 225 fún yúnìtì kan. IBEDC ló ń pín iná ní agbègbè yìí. Báńdì tí àdúgbò bá wà ló ń sọ iye tí yóò wọlé sínú mítà àti iye epo tí yóò wọ jẹnẹrétọ̀.

"Màá bá yín béèrè," éjẹ́ńtì wí.

"Mítà náà, ta ló lò ó kẹ́yìn? Ṣé gbèsè ò sí lórí rẹ̀?"

"Tuntun ni gbogbo rẹ̀, Mọ̀mí. Ẹ ṣáà wo ilé."

Lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó. Éjẹ́ńtì kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Owó ilé ọdún kan, 600,000 náírà. Owó éjẹ́ńtì, 60,000. Owó àgírímẹ́ǹtì, 60,000. Kọ́ṣọ̀n, 50,000. Gbogbo rẹ̀, 770,000. Ọkọ béèrè bóyá wọ́n lè san oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Éjẹ́ńtì ní onílé ń fẹ́ ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun lòun bẹ̀ ẹ́ tó fi gba ọdún kan. Èkó ti ṣòfin ayálégbé ní 2011, ó sì kà á léèwọ̀ kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin Èkó nìyẹn. A ti kọjá Long Bridge.

Ìyàwó tún ọmọ pọ̀n. "Bí òjò bá rọ̀, ṣé ọkọ̀ á lè dé géètì yìí?"

"Wọ́n ti ń bọ̀ wá ṣe ọ̀nà yẹn," éjẹ́ńtì dáhùn.

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ tún gbójú wo iná kí ó tó wọ bàtà. Ọkùnrin tó ń ya fídíò ní òun gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà àkáǹtì.

Ìfọ̀

Ìfọ̀ kò sí lójú ọ̀nà Ìbàdàn rárá. Ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ló wà, ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ dá dúró, ẹni tó bá sì ti Mowe ń bọ̀ á tún padà sí Berger, á gba Abúlé-Ẹ̀gbá dé Sàngó-Ọ̀tà. Láti Sàngó ni ìyà ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ wa ń bọ́ sínú kòtò, ó ń jáde, ó ń ya kúrò lójú títì gba orí yẹ̀pẹ̀. Tírélà tó gbé sìmẹ́ńtì wà níwájú wa, eruku pupa rẹ̀ bo gíláàsì, dẹ́rẹ́bà sì ń fi omi inú ọ̀rá pìọ wọ̀tà fọ̀ ọ́. Ẹni tó jókòó tì mí fi gèlè bo imú. Nígbà tí a fi dé Ìfọ̀, ẹ̀wù funfun mi ti ní àwọ̀ ilẹ̀.

Ìlú yìí ti mọ reluwé tipẹ́. Èyí tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá, Ìfọ̀ náà sì ni ẹ̀ka tó lọ sápá Ìlaró ti yà kúrò. Reluwé tuntun tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10, Oṣù Kẹfà 2021, ní ibùdó ní Agbádó, ní Kájọlà àti ní Papalantó. Àwọn onílé Ìfọ̀ ń retí òṣìṣẹ́ Èkó tí yóò máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́. Ìrètí yẹn ló gbé òòlù wọ ilé kẹta.

Ilé ogún ni, ilé àtijọ́, yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, kọ́rídọ̀ gígùn láàárín wọn. Ògiri kọ́rídọ̀ ti dúdú láti inú èéfín sítóòfù ọdún pípẹ́. Ṣaláńgá kan àti balùwẹ̀ kan ló wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo ilé. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, àwọn ọmọ sì pinnu pé kí wọ́n sọ yàrá mẹ́jọ di mínífúláàtì mẹ́rin: yàrá méjì-méjì á di ọ̀kan, wọ́n á gé ilẹ̀kùn sáàárín wọn, wọ́n á la kíṣìnnì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ọ̀kan. Àkọ́bí ló wà nílé. Àwọn méjì wà lókè òkun, ojú fóònù ni wọ́n ti ń wo iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, ohùn kan ń jáde láti inú fóònù àkọ́bí: "Brọ̀dá, ẹ yí i sápá ibí. Ẹ súnmọ́ ọn."

Àjà ni káfíńtà ń tú lọ́wọ́. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, síìtì eérú tó ti pọ́n láwọn ibi tí òjò ti ń jò. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lókè, ó ń fi òòlù fọ́ ọ, ó ń já sílẹ̀, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìtànṣán oòrùn gba ojú ihò páánù wọlé, eruku sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó ń rìn lọ sókè sódò. Ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọmọ náà fi bo imú. Ẹni tó ń gbá a sílẹ̀ kò fi nǹkan kan bo tirẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí irú ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì kan tí kì í fa àrùn jẹjẹrẹ. Síìtì tó bá wà lókè ní odindi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí wọ́n bá fọ́ ọ ní gbígbẹ ni òwú inú rẹ̀, tí ojú kò lè rí, máa ń fò wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn náà lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfọ́, kí wọ́n fi ọ̀rá dì í kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo bi káfíńtà bóyá ó gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá mi sọ, ti fífọ́ ni."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá kan jókòó sáàárín ẹrù: mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ká, ìkòkò mẹ́ta, àpótí onígi kan, àti kálẹ́ńdà tí wọ́n yọ lára ògiri tòun ti ìṣó rẹ̀. Òun ni ayálégbé tó kù kẹ́yìn. Ẹ̀kọ ló ń tà lójúde ilé yẹn. Mo kí i, ó sì dá mi lóhùn dáadáa.

Àkọ́bí bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. "Lọ́yà ní ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, ìwé oṣù kan ni òfin ní ká fún un, àyàfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún ló ní oṣù mẹ́fà. Oṣooṣù ni Ìyá ń san. A fún wọn ní oṣù méjì."

"Wọ́n fún mi ní méjì," ìyá wí. "Irọ́ kọ́." Ó nawọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ àkọ́bí. "Èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yẹn, mo pọ̀n ọ́n rí."

Mo bi í bóyá kò ní gba ọ̀kan nínú àwọn tuntun tí wọ́n bá parí rẹ̀.

"Owó tí mò ń san lọ́dún kan kò tó kọ́ṣọ̀n wọn."

Ó ní ilé ọmọ òun n'Ijako lòun ń lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá dé, lébìrà méjì sì fi òòlù sílẹ̀ láti bá a gbé àpótí.

Àkọ́bí mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí ìwé kan. Ó ti to gbogbo iṣẹ́ sínú rẹ̀ ní nọ́ńbà. Igi òrùlé. Páánù. Àjà PVC. Gígé ògiri. Ilẹ̀kùn. Fèrèsé aláaminíọ̀mù dípò lúfà. Páìpù àti àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin. Sókàwéè. Gọ́tà. Táìsì. Ọ̀dà. Iye tó kọ síwájú páánù ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bírò gé àtijọ́. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò, tó ti wà láti 1960, kò jìnnà sí Ìfọ̀, tírélà rẹ̀ ló sì bo ilé náà ní eruku, síbẹ̀ ó ní iye tí òun ń ra báàgì kan kò dín sí ti Mowe.

Owó tí àwọn ará òkè òkun fi ránṣẹ́ kò ká a mọ́. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé náà. Ó fi bírò pupa fa ilà sójú méjì: sókàwéè, gọ́tà.

Bíríkìlà tó ń gé ògiri wò ó láti ẹ̀gbẹ́. "Ọ̀gá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin. Níbo ni omi wọn á gbà?"

"Ṣaláńgá àtijọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ á fi páìpù sí i ná."

"Ti ọdún mélòó ni ṣaláńgá yẹn?"

"Ayálégbé kì í wo sókàwéè," àkọ́bí dáhùn. "Ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń wò." Ohùn inú fóònù béèrè pé kí ni bíríkìlà sọ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ̀yìn wọnú àgbàlá, ó ń fun fèrè. Lébìrà tò sí ìdí rẹ̀, wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí n tó jáde lójúde, páálí táìsì 40 ti wà nílẹ̀.